Ta ló mọ íntánẹ́ẹ̀tì ilé tí kò ní gba owó ọbẹ̀ lọ́wọ́ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Aránṣọ Tákìé
Ẹ kú ọjọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kì í dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dátà yìí ti fẹ́ lé mi kúrò nílé. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n wọn wà ní LAUTECH, láti ilé ló ti ń lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e ń múra JAMB. Àbíkẹ́yìn, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ tiẹ̀, TikTok ni. "Mọ́mì, ẹ ra dátà fún mi" ni wọ́n fi ń jí mi ju "ẹ káàárọ̀" lọ.

Lóṣù tó kọjá mo ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Inú ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà ni mo kọ ọ́ sí: 500 lónìí, 800 lọ́la, 350 lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn. Nígbà tí oṣù parí mo ṣírò rẹ̀, ó di náírà 17,350. Mo tún un ṣírò. 17,350 náà ni. Bùbá mélòó ni mo gbọ́dọ̀ rán kí n tó rí ìyẹn? Dátà ọlọ́jọ́ kan yìí sì máa ń kú kí ọmọ tó lò ó tán.

Ilé olójúkojú là ń gbé, yàrá mẹ́fà. Iná wa, ó ń wá, ó ń lọ. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n ra Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti sátẹ́láìtì wá. Mo béèrè iye rẹ̀, ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló wà fún irú wa?

Akẹ́kọ̀ọ́ Under-G
Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Starlink dára, n ò ní purọ́. Òun là ń lò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, ṣùgbọ́n àwa mẹ́sàn-án la dá owó rẹ̀. January 2023 ló wọ Nàìjíríà. Ní 2024, 38,000 ni owó oṣooṣù rẹ̀. Ó kọjá 50,000 ní 2025, owó àwo tí ẹ ó kọ́kọ́ rà kò sì sí nínú ìyẹn. Ó tún ń jẹ iná: àwo ńlá náà lè jẹ wáàtì 50 sí 100, nígbà tí ráútà kékeré onísíìmù (ẹ̀rọ tó ń fi dátà síìmù tan WiFi sínú ilé) kì í sábà ju wáàtì 12 lọ. Bí ẹ ò bá rí èèyàn méje mẹ́jọ tí kì í yẹ àdéhùn owó, ẹ má dán an wò. Àwa mẹ́sàn-án yìí gan-an, kò sí oṣù tí a kì í lé ẹnì kan káàkiri Under-G nítorí owó.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ètò ìjọba àpapọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti 2020 sí 2025, kọ ọ́ sílẹ̀ dúdú lórí funfun pé 1GB kò gbọdọ̀ ju náírà 390 lọ. Ní January 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ló tún fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fowó kún owó, títí dé ìdajì iye tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ wo iye tí ẹ ń ra 1GB ọlọ́jọ́ kan yẹn, mà, ẹ fi wé 390.

Atúnfóònùṣe Sábó
Màmá, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹni tí garawa rẹ̀ ń jò kì í lọ ra dúrọ́ọ̀mù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan gbé fóònù wá bá mi, wọ́n ní ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń jí dátà àwọn. Mo ṣí Settings, mo wọ ibi nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo tẹ Data usage. Facebook nìkan ti jẹ 6.8GB láàárín ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Ìyá ní àwọn kì í wo fídíò. Mo ní kí wọ́n fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń lò ó. Wọ́n fi àtàǹpàkò ń tì í sókè, wọ́n ń tì í sókè, gbogbo fídíò tí wọ́n bá sì kọjá ń ṣí fúnra rẹ̀, ó ń ṣeré. Ohùn rẹ̀ wà ní pípa ni wọn kò fi mọ̀. Olè náà rèé, àtàǹpàkò wọn ló ń gbé e wọlé.

Nítorí náà, ẹ gba fóònù àwọn ọmọ yẹn lálẹ́ òní. Nínú Facebook, ẹ wá Autoplay, ẹ pa á. Nínú WhatsApp, ẹ lọ sí Storage and data, ẹ yọ gbogbo àmì tó wà ní Media auto-download, torí fídíò "ẹ káàárọ̀, ìbùkún Olúwa" tí àwọn ẹbí ń fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù mẹ́wàá yẹn, owó yín ló ń gbé e. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti rí "Use less data for calls", ẹ tàn án. YouTube, ẹ fi sí Data saver. TikTok náà ní tiẹ̀. Play Store, ẹ ní kó má máa tún ápù ṣe fúnra rẹ̀. Bí Google Photos bá ń kó fọ́tò lọ sókè, ẹ dá a dúró.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ wá rèé, òun ló sì ń pa àwọn tó ra ráútà: fóònù gbà pé ọ̀fẹ́ ni WiFi. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń lo dátà síìmù, ó ń ṣọ́ra. Tó bá ti rí WiFi báyìí, ó tú sílẹ̀ ni: ápù ń tún ara wọn ṣe, fọ́tò ń lọ sókè, fídíò ń dán gbinrin. Kò mọ̀ pé síìmù ló wà nínú WiFi yẹn. Ẹ tẹ orúkọ WiFi náà lórí fóònù, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Metered sí, ẹ yàn án, kó lè mọ̀ pé owó ni dátà yẹn. Kọ̀ǹpútà ọmọ LAUTECH náà ńkọ́? Windows lè jẹ ọ̀pọ̀ GB lóru ọjọ́ kan tó bá ń tún ara rẹ̀ ṣe. Metered connection náà ni ẹ ó wá nínú tiẹ̀.

Ìyá Elélùbọ́ Jàgùn
Ẹ gbọ́ tèmi kí tiyín má baà rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, àwọn tí ń polówó pẹ̀lú agbòòrùn dúró níwájú ọjà, wọ́n ní ráútà tàwọn ń sáré bí ẹṣin. Mo san owó ọ̀hún lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé e délé, ẹṣin kò dìde. Àfi bí ọmọ mi bá gun àga, tó gbé e sókè mọ́ àjà, ló tó ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó bá ti sọ̀ kalẹ̀, ó tán. Mo dá a padà, wọ́n ní àwọn kì í gbà á padà. Mo ní kí n fi síìmù mìíràn sí i, wọ́n ní wọ́n ti tì í mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàwọn. Ó wà lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóńgò báyìí, eruku èlùbọ́ ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ dán síìmù wò nínú ilé yín kí ẹ tó fowó sílẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi.

Tíṣà Òkè-Ẹlẹ́rìn
Òótọ́ ni ìyá wa sọ. Ìbéèrè "nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló dára ní Ògbómọ̀ṣọ́?" kò ní ìdáhùn. Èyí tó ń fò ní Àdúgbò Stadium lè máa rá pálá ní Tákìé. Ibi tí máàsì (òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì) wà sí ilé yín ló ṣe pàtàkì, àti iye èèyàn tó ń fa á lákòókò kan náà.

Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Lórí Android, ẹ wọ Settings, About phone, SIM status, ẹ ó rí Signal strength. Òǹkà tó ní àmì ìyọkúrò níwájú ni, bíi -87 dBm. Ẹ kà á bí ẹni ń ka gbèsè: ẹni tó jẹ 87 sàn ju ẹni tó jẹ 115 lọ. Lórí 4G, tó bá wà ní 90 sísàlẹ̀, ẹ dúpẹ́. 100 sí 105, ó ṣe é mú jẹ. Tó bá ti kọjá 110, ẹ má fowó ṣòfò. Ẹ wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta nínú ilé, ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀, ẹ tún wọ̀n ọ́n ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò ti délé. Bí òǹkà bá dára ṣùgbọ́n tí kò ṣí nǹkan kan lálẹ́, èrò ló pọ̀ lórí máàsì yẹn, kò sí ráútà tó lè wo ìyẹn sàn. Ẹ yá síìmù ará ilé fún ìdánwò, ẹ má tíì forúkọ sílẹ̀ fún tuntun.

Páànù kì í jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé. Ògiri alámọ̀ tó nípọn, bíi ti ilé bàbá wa, náà ń gbé e mì. Ojú fèrèsé tó kọjú sí máàsì ni ibùgbé ráútà, níbi tó ga. Kì í ṣe ẹ̀yìn tẹlifísọ̀n, kì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù.

DátàỌ̀fẹ́001
Ẹ tètè o! Ìjọba ti ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì dọ́là 30 fún gbogbo mẹ̀kúnnù lóṣooṣù. Ẹ fi NIN àti nọ́ńbà báǹkì yín sí ibí yìí, ẹ pín in fún gúrúùpù 12… *[Alábòójútó ti yọ línkì yìí kúrò.]*

Alábòójútó
Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí lóṣù yìí. Kò sẹ́ni tó ń pín dátà tó máa béèrè nọ́ńbà báǹkì. Mo ti lé e jáde.

Ọmọ Ajílété ní Houston
Mo mọ ibi tí wọ́n ti gé irọ́ yẹn. Ètò kan wà níbí ní Amẹ́ríkà lóòótọ́ tó ń san dọ́là 30 lóṣù lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan. ACP ni wọ́n ń pè é. Ìparí 2021 ló bẹ̀rẹ̀. Owó tán lápò rẹ̀, ó sì parí ní June 2024. Èyí tó ṣẹ́ kù ni Lifeline, láti 1985 ló ti wà, ó lè yọ tó dọ́là 9.25 lóṣù kúrò nínú owó fóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì. Amẹ́ríkà nìkan ló wà fún. Ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá fi NIN sí i, olè ló fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé lọ́wọ́.

Tí àwa tí a wà lókè òkun bá fẹ́ ran ìyá wa lọ́wọ́, ká ra dátà oṣù kan ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. A ń fi 1,000 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, à ń pè é ní ìrànlọ́wọ́.

Sẹ́kítírì Agboolé, Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n
Màmá aránṣọ, ẹ ní yàrá mẹ́fà ló wà nílé yín. Ọ̀rọ̀ yín ti yanjú dé ìdajì. Ìdílé mẹ́fà ni àwa náà. Nígbà tí a máa ra ráútà, ìdílé kọ̀ọ̀kan dá 5,000. Láti ìgbà náà, 3,500 lóṣù fún dátà.

Oṣù kìíní, ìjà. Dátà tó yẹ kó gbé wa parí oṣù kú lọ́jọ́ kẹtàlá. Kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́. Ìyá àgbà kan ti ní ká lọ búra. A pe ọmọ LAUTECH kan, ó wo ẹ̀yìn ráútà, ó rí àdírẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, 192.168.0.1 ni tiwa, ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ojú ewé ráútà ṣí. Ó ka àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀: mẹ́tàdínlógún. Fóònù gbogbo wa pọ̀, mọ́kànlá ni! Àṣé ọmọ wa kan ti fún onígbàjámọ̀ tó kọjú sí wa ní pásíwọ́ọ̀dù, ó ń gẹrun lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn oníbàárà onígbàjámọ̀ ń fi dátà wa wo bọ́ọ̀lù lórí ìjókòó.

Láti ọjọ́ yẹn, ọjọ́ kìíní oṣù ni pásíwọ́ọ̀dù ń yí padà. Èmi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù kọ̀ọ̀kan, n kì í pè é síta. (Fóònù tuntun lè fi àwòrán onígun mẹ́rin pín in fún ẹlòmíràn, ìyẹn ni mo fi ń ka ẹ̀rọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.) Ẹni tí kò bá san owó títí ọjọ́ 28, kò sí ìbínú, a ó rí i lóṣù tó ń bọ̀. Fíìmù, òru ni, torí dátà òru tó bá wà lórí ètò wa kì í wọ́n bíi ti ọ̀sán. Bàálé ilé ló ń pa owó mọ́, èmi ni mo ń ra dátà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa ṣe méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ díákónì.

Ọ̀kan ṣì kù. Ẹ jọ dá owó láàárín ara yín ni. Ẹ má wá gbé pátákó síta pé ẹ ń ta WiFi fún àdúgbò. Ìyẹn ti di òwò, ìwé àṣẹ NCC ló sì ń bá a rìn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Under-G
Mo ń rẹ́rìn-ín onígbàjámọ̀ yẹn, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un: ètò tí wọ́n bá ń pè ní Unlimited, ẹ bi wọ́n pé GB mélòó ni wọn ó fi fa ìjánu rẹ̀. Fair Usage ni wọ́n ń pè é, lẹ́tà bín-ín-tín ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ti lò ó dé òǹkà yẹn, kò ní kú, ṣùgbọ́n yóò máa wọ́. Bí wọ́n bá ní 1Mbps ni yóò padà sí, ìyẹn ṣì gbé WhatsApp, ó gbé ìwé kíkà, ó gbé fídíò ẹ̀kọ́ tí a dín kù. Fún ilé olówó pọ́ọ́kú, irú rẹ̀ lè sàn ju èyí tó ń kú pátápátá lọ. Ẹ ṣáà ti mọ̀ ọ́n kí ẹ tó sanwó.

Tíṣà Òkè-Ẹlẹ́rìn
Nípa èyí tó ń múra JAMB: ohun tó nílò kò tó bí ẹ ṣe rò. Àwọn ápù ìbéèrè àtẹ̀yìnwá wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá ti gbà á sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, kò béèrè dátà mọ́. Kiwix wà, ọ̀fẹ́ ni, ó ń jẹ́ kí a gbé Wikipedia sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ká máa kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ti èdè Gẹ̀ẹ́sì odindi tóbi jù, ẹ mú èyí tí wọ́n gé kúrú. Ti Yorùbá kò ní gba àyè púpọ̀. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà á ní yunifásítì tí WiFi bá wà, kó fi káàdì ìrántí gbé e wálé. Ọmọ kíláàsì mi kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, fóònù rẹ̀ kò ní síìmù kankan nínú.

Fídíò ẹ̀kọ́ náà, ẹ jẹ́ kó wò ó ní 360p (ìwọ̀n àwòrán tó kéré). Wákàtí kan jẹ́ bíi 300MB. Tó bá fi sí 720p, ó lè kọjá 1GB, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà ojú pátákó kan náà ló ń kà.

Ìyá Elélùbọ́ Jàgùn
Tíṣà, ráútà mi tó wà lórí pẹpẹ ńkọ́? Kò sí ẹni tó lè ṣí i?

Atúnfóònùṣe Sábó
Màmá, ẹ gbé e wá, òmíràn ń ṣí, òmíràn kì í ṣí. N ò ní gbowó tí kò bá ṣí. Ẹni tó bá sì ń ra àlòkù, kó fi síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dán an wò lójú ẹni tó ń tà á, kó rí i pé méjèèjì ṣiṣẹ́. "Mo ti ṣí i, Ọlọ́run ń gbọ́" kò tó.

Kí gbogbo wa tún mọ àwọn nọ́ńbà yìí, bákan náà ni wọ́n rí lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì: *312# fún ríra dátà, *323# fún wíwo èyí tó kù. Àwọn ọ̀rọ̀ ìpolówó tí ẹ kò béèrè fún, ẹ fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 kí wọ́n má máa wọlé mọ́. Tí dátà bá pòórá, ẹ pe ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra wọn lórí 300, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Tí wọn ò bá dáhùn, 622 ni ti NCC, wọn ó béèrè nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn lọ́wọ́ yín.

Aránṣọ Tákìé *(ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà)*
Ẹ kú àdúrótì mi o. Mo ní n ò ní wá sọ nǹkan kan àfi tí mo bá ti rí àrídájú.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, n ò ra nǹkan kan. Mo gba fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ní kí ẹ̀gbọ́n wọn ka ohun tí Atúnfóònùṣe kọ, kó máa ṣe é lójú mi. Àbíkẹ́yìn sunkún. Ó ní fídíò òun ti ń rí bí ẹni wọ́n fi omi fọ̀. Mo ní kó máa wò ó bẹ́ẹ̀. Dátà tó ń gba bíi 4,300 lọ́sẹ̀ wá sí 2,450. Ẹ̀rù bà mí. Gbogbo ìyókù yẹn, kò sẹ́ni tó wò ó!

Lẹ́yìn náà ni mo yá síìmù mẹ́ta. Ilé ìdáná, 113. Pálọ̀, 104. Fèrèsé ibi tí máṣíìnì mi wà, 91. Mo sọ fún ìyá tí yàrá wa kọjú síra àti akọ́bí onílé, àwa mẹ́ta ra ráútà àlòkù, síìmù méjì la fi dán an wò lójú ẹni tó ń tà á gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí, ojú rẹ̀ sì korò. Àwọn yàrá mẹ́ta tó kù ní àwọn ó kọ́kọ́ wo bí yóò ṣe rí. Lóṣù yìí, tèmi nínú owó dátà, pẹ̀lú kékeré tí ọmọ LAUTECH ń rà lọ sí kíláàsì, 6,200 ni.

Inú ajere ni mo gbé ráútà náà sí, mo fi okùn so ó kọ́ sí ìṣó lójú fèrèsé. Bí mo bá ń wa máṣíìnì, ó máa ń mì, iná rẹ̀ á máa ṣẹ́jú sí mi.

Ohun kan ló kù. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ọmọ JAMB máa ń jókòó ti ìwé, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa ń mú iná lọ. Ọkọ ìyá iwájú wa ní ká fi bátìrì ọ̀kadà rẹ̀ tó ti sinmi so ó pọ̀, ó ní 12V ni méjèèjì. Ṣé ká ṣe bẹ́ẹ̀?

Atúnfóònùṣe Sábó
Ẹ má ṣe é o, màmá! Wọ́n kọ 12V sí i lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá ń gba iná lọ́wọ́, ó lè kọjá 14, tí okùn bá sì fara kan ara, iná ni. UPS kékeré kan (bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ nígbà tí iná bá lọ) wà tí wọ́n ṣe fún ráútà, kò ju bíríkì ọṣẹ lọ, á gbé e fún wákàtí díẹ̀. Kí ẹ tó rà á, ẹ wo ẹ̀yìn ṣáájà ráútà yín níbi tí wọ́n kọ Output sí. Tó bá jẹ́ 12V 1A, ọ̀kan tí mo ní nílẹ̀ á bá a mu. Tó bá jẹ́ 9V tàbí 5V, ẹ má fi èyí sí i, yóò jó o.

Ẹ wá lọ́jọ́ Tuesday, Monday mi ti kún. Ẹ gbé ṣáájà náà dání, kì í ṣe ráútà nìkan.